Ẹ KÚ ỌWỌ́ LÓMI: ỌWỌ́ TA NI Ó YẸ KÍ Ó WÀ LÓMI?

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò yìí kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ tí yóò gba ìwé púpọ̀. Ọ̀rọ̀ ilé ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilé tí a kì í jókòó sọ, òun náà ni í tú ilé ká.

Bí obìnrin bá bímọ láàrin wa, kíkí méjì ni a máa ń kí i. A ó kọ́kọ́ wí pé, "Ẹ kú ewu ọmọ." Lẹ́yìn náà a ó wí pé, "Ẹ kú ọwọ́ lómi." Àwọn baba wa tí wọ́n fi kíkí wọ̀nyí sílẹ̀ fún wa kò sọ̀rọ̀ lásán. Kíkí àkọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ewu ni obìnrin náà là kọjá, kì í ṣe eré. Kíkí kejì jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ kò tíì parí. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú omi: ó ń wẹ ọmọ, ó ń fọ aṣọ ìlédìí, ó ń gbé omi kaná, kí ìyẹn tó tutù ọmọ ti tún tọ̀.

Ìbéèrè wa nìyí o. Ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń kí ni pé "Ẹ kú ọwọ́ lómi," níbo ni ọwọ́ tirẹ̀ wà? Ṣé kíkí náà ti tó, àbí gbèsè kan wà lábẹ́ rẹ̀? Bí ìyá ọmọ bá sì la ẹnu tí ó wí pé, "Ó ti rẹ̀ mí," ṣé ó ṣẹ̀ sí Ọlọ́run tí ó fún un lọ́mọ?

Èrò tiwa ni pé kò ṣẹ̀. Àárẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ tí a ó sì ṣe fún un kì í ṣe àánú tí ó wù wá ṣe, gbèsè tí a jẹ ẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a tọ ọ̀rọ̀ náà lọ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ̀n ẹrù náà

Ẹni tí kò mọ ìwọ̀n ẹrù kò lè bá ẹlẹ́rù kẹ́dùn. Ọmọ tuntun a máa mu ọmú ní ìgbà 8 sí 12 láàrin wákàtí 24. Inú rẹ̀ kéré, ohun tí ó bá mu kì í pẹ́ níbẹ̀. Bí ìgbà kọ̀ọ̀kan bá gba ìdajì wákàtí, wákàtí 4 sí 6 ni ìyá rẹ̀ yóò fi jókòó lójúmọ́ fún ọmú nìkan, kí a tó ka ìwẹ̀, kí a tó ka aṣọ, kí a tó ka oúnjẹ tí òun tìkára rẹ̀ yóò jẹ kí omi ọmú lè wà. Ọ̀sán àti òru kò sì yàtọ̀ lójú ọmọ náà.

Òótọ́ ni pé ìkókó ń sùn púpọ̀, ó lè tó wákàtí 16 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ ni ó ń sùn ún. Ìyá tí ó sùn fún wákàtí kan tí ó jí, tí ó tún sùn fún wákàtí kan tí ó tún jí, tí ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ di òwúrọ̀, ẹ má ṣe rò pé ó sùn. Oorun tí a gé wẹ́wẹ́ kì í sinmi ara bí oorun tí ó gùn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún òru kan, a ó fara dà á. Òru ogójì ńkọ́?

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò kíyè sí. Kì í ṣe ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ẹkún ọmọ máa ń pọ̀ jù. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kejì ni ó ń pọ̀ sí i, yóò sì le jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà, kí ó tó máa rọlẹ̀ títí di oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ara wọn le koko ṣe ń rí nìyẹn. Ẹ wá wo bí àwa ṣe ń ṣe. Ní ọjọ́ kẹjọ tí a ó sọ ọmọ lórúkọ, ilé a kún fọ́fọ́. Oyin wà, iyọ̀ wà, ìrẹsì wà, orin ń lọ, aṣọ funfun ń dán. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, a ti kó àga padà, ilé ti dá. Ìgbà tí ẹkún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gan-an ni àwa ń lọ sílé. A wà níbẹ̀ nígbà ìrẹsì, a kò sí níbẹ̀ nígbà ẹkún. Ẹ̀yin ará, èyí kò dára.

Ogójì ọjọ́ náà, ti ta ni?

Nínú ìwé Lefitiku orí 12, a ka iye ọjọ́ fún obìnrin tí ó bímọ. Bí ó bá bí ọkùnrin, ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 33, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 40. Bí ó bá bí obìnrin, ọjọ́ 14 àti ọjọ́ 66, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 80. Nínú Luku orí 2, a rí i pé Màríà pàápàá pa ọjọ́ wọ̀nyí mọ́, ẹyẹ méjì ni a sì sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ẹbọ wọn, èyí tí òfin gbà fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò tó ọ̀dọ́ àgùntàn. Ẹ kíyè sí i pé òfin náà wo àpò ẹni kí ó tó bu ẹrù lé e lórí. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ aláṣọ funfun títí di òní, ìyá ìkókó kì í wọ ilé àdúrà títí ogójì ọjọ́ yóò fi kọjá.

Àwọn kan ń wo ogójì ọjọ́ yìí bí ògiri tí a fi ti obìnrin sóde. A kò wá láti jiyàn lórí òfin ìjọ. Ohun tí a ń bèèrè ni pé, bí a bá ti yọ̀ǹda obìnrin náà kúrò nínú ìsìn, ṣé a yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nídìí odó? Ṣé a yọ̀ǹda rẹ̀ kúrò nídìí kànga? Bí a kò bá jẹ́ kí ó wá kọrin pẹ̀lú wa, tí a sì jẹ́ kí ó máa pọnmi fún wa, a jẹ́ pé a mú apá kan òfin náà, a ju èyí tí yóò ná wa ní nǹkan nù.

Àwọn oníṣègùn náà ní iye ọjọ́ tiwọn, kò sì jìnnà sí èyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, ọjọ́ 42. Bí obìnrin bá kú nítorí ọ̀ràn oyún tàbí ìbímọ láàrin ọjọ́ 42 lẹ́yìn tí ó bí, ikú ìbímọ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kà á sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ewu tí a ń kí i sí kò tán ní ọjọ́ tí a gbọ́ igbe ọmọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń wí pé kí ìyá àti ọmọ padà lọ fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, ní ọ̀sẹ̀ kejì, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ní ọdún 2021, ìjọba Togo dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Wezou nítorí aboyún àti ọmọ tuntun. Ẹ má ṣe jókòó sílé. Ẹ bi àwọn agbẹ̀bí ní ibi tí ẹ ti ń gba ìtọ́jú léèrè ohun tí ó tọ́ sí yín.

Àjọ Àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fi ẹnu kò ní ọdún 2000 pé ìsinmi ìbímọ kò gbọdọ̀ dín sí ọ̀sẹ̀ 14. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Togo náà fún obìnrin tí ń gba owó oṣù ní ọ̀sẹ̀ 14. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń ta gàrí ní ọjà Atakpamé, èyí tí ń ro oko àgbàdo ní ìhà Datcha, èyí tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé, ta ni yóò fọwọ́ sí ìwé ìsinmi tirẹ̀? Kò ní ọ̀gá níbì kankan. Àwa ni ọ̀gá rẹ̀: ọkọ rẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀, ìjọ rẹ̀. Bí a kò bá fọwọ́ sí i, kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ sí i mọ́.

Àwa ará Atakpamé sì mọ ohun kan nípa ògiri mímọ. Títí di òní ní ilẹ̀ Ghana, ògiri amọ̀ tí a fi ọwọ́ mọ láìsí búlọ́ọ̀kù, orúkọ ìlú wa ni wọ́n fi ń pè é, Atakpamé ni wọ́n ń wí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti mọ irú ògiri yìí rí mọ̀ pé a kì í mọ ọ́n tán lọ́jọ́ kan. A ó mọ ipele kan, a ó fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí a tó gbé òmíràn lé e. Ẹni tí ó bá kánjú, ògiri yóò wó lé e lọ́wọ́. Ipele tí kò tíì gbẹ ni ara ìyá ìkókó. Ẹ má ṣe tíì gbé òrùlé lé e.

Àwọn tí wọ́n ń jiyàn

Àwọn kan yóò wí pé, "Àwọn ìyá wa bí ọmọ mẹ́wàá, wọn kò ráhùn. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni ó ń kẹ́ra wọn." A gbọ́. Ṣùgbọ́n inú agbo ilé wo ni àwọn ìyá wa bímọ sí? Ní Gnagna, ní Djama, ní Woudou láyé àtijọ́, ìyá ọkọ wà nínú ilé, àwọn ìyàwó ilé wà, àbúrò ọkọ wà, ọmọdébìnrin tí yóò gbé ọmọ wà. Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Lónìí ọkọ àti ìyàwó gba yàrá kan ní Lomé, ìrìn kìlómítà tí ó lé ní 150 sí ìyá tí ó bí wọn. Ọkọ ti gun zémíjàn rẹ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Igba ènìyàn ti tú ká, a wá ń bèèrè iṣẹ́ igba ènìyàn lọ́wọ́ ẹnìkan. Àti pé, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: nínú àwọn ìyá àtijọ́ náà, àwọn kan kò dìde lórí ẹní ìbímọ. Àwọn tí ó là á já ni ó wà láti sọ pé kò nira. Òkú kì í wá jẹ́rìí.

Àwọn mìíràn yóò wí pé, "Ẹ̀bùn ni ọmọ. Àgàn ń sunkún kiri, ìwọ tí o rí, o ń ráhùn." Ọ̀rọ̀ yìí dàbí ẹni pé ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, ṣùgbọ́n ó le ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí a fún ní àpò àgbàdo tí ó rù ú láti oko dé ilé, ó lè máa dúpẹ́ kí ọrùn sì máa dùn ún. Ọpẹ́ àti àárẹ̀ lè jókòó lórí ẹní kan náà. Kí a má sì ṣe fi omijé ẹni tí ń wá ọmọ ṣe pàṣán na ẹni tí ó rí ọmọ. Àwọn méjèèjì ni ó yẹ kí a tù nínú.

Ẹ rántí wòlíì Élíjà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìn-ín-ní orí 19. Ó sá wọ aginjù, ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Ṣé ìbáwí ni angẹli bá wá? Rárá o. Ó jẹ́ kí ó sùn. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó fún un ní àkàrà àti omi. Ó tún jẹ́ kí ó sùn. Ó tún bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀yìn oorun méjì àti oúnjẹ méjì ni ọ̀rọ̀ tó wá. Bí a bá ṣe báyìí fún wòlíì, kí ni ìdí tí àwa fi ń fún ìyá ìkókó ní ìwàásù kí a tó fún un ní oorun?

Àwọn ọkùnrin yóò wí pé, "Ọkùnrin kì í wẹ ọmọ." Ó dára, ìwẹ̀ ọmọ ní ọgbọ́n tirẹ̀, àwọn ìyá àgbà ni ó mọ̀ ọ́n jù. Ṣùgbọ́n ta ni ó ní kí ọkùnrin má pọnmi? Ta ni ó ní kí ó má fọ aṣọ, kí ó má dáná, kí ó má gbé ọmọ sí àyà lóru fún wákàtí méjì kí ìyá rẹ̀ lè dijú? Nínú Matiu orí 2, òru ni Jósẹ́fù dìde tí ó mú ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ lọ sí Íjíbítì. Kò wí pé ọ̀rọ̀ òru ti obìnrin ni. Àwọn baba wa sì wí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òwe náà kò sọ pé àgbà obìnrin nìkan.

Ìrànlọ́wọ́ tí kì í ṣe ìrànlọ́wọ́

Kí ẹni tí ó bá wá ran ìyá lọ́wọ́ má sì ṣe wá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ọmú àkọ́kọ́ tí ó pọ́n díẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí, kí a má ṣe fún un dànù. Ààbò ni fún ọmọ. Títí ọmọ yóò fi pé oṣù mẹ́fà, ọmú nìkan ni kí ó mu: kò sí omi, kò sí àgbo, àfi oògùn tí oníṣègùn bá fún un. Ẹ ó wí pé ooru mú, òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n omi ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú omi ọmú fúnra rẹ̀. Bí ìyàwó ọmọ yín bá wí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, àwọn agbẹ̀bí ní kí n má fún un lómi," kò rí yín fín. Ọmọ yín ni ó ń dáàbò bò.

Kí àlejò fọ ọwọ́ kí ó tó gbé ọmọ. Ẹni tí ń húkọ́, kí ó kí wọn láti òkèèrè. Ẹni tí ó bá jókòó fún wákàtí mẹ́ta tí ó ń retí oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá ọmọ, iṣẹ́ ni ó fi kún iṣẹ́.

Nígbà tí àárẹ̀ bá di àìsàn

Ọ̀pọ̀ ìyá ni omijé máa ń bọ́ lójú wọn láìnídìí ní ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ. Ó sábà máa ń lọ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, tí obìnrin kò lè sùn nígbà tí ọmọ sùn pàápàá, tí oúnjẹ kò wù ú, tí ó ń wí pé òun kò wúlò, àìsàn ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé wí pé nínú 100 obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní gbogbo ayé, nǹkan bí 13 ni ó ń ní àìsàn ọkàn, ìrẹ̀wẹ̀sì sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20. Ìyẹn jẹ́ bí ẹnìkan nínú márùn-ún. Kì í ṣe àjẹ́, kì í ṣe ìwà burúkú, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ó ní ìtọ́jú.

Bí ó bá ń ro láti pa ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ lára, tàbí tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà púpọ̀, tàbí ibà, tàbí orí fífọ́ líle pẹ̀lú ojú ṣíṣú. Ti ọmọ ńkọ́? Bí kò bá mu ọmú mọ́, bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tí ó tutù nini, bí ó bá ń mí gúlegúle, bí gìrì bá mú un, bí ìdodo rẹ̀ bá pọ́n tí ó ń ṣọyún, bí àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ bá pọ́n bí ẹyin ẹyẹlé tí ó já, kí ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ńlá wà ní Atakpamé. Ẹ̀yin aríran, ẹ gbọ́ o: ìran kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà ilé ìwòsàn. A lè gbàdúrà lójú ọ̀nà.

Ìwọ ìyá ọmọ náà, gbọ́ tìrẹ. Ìgbéraga ni kí a máa kú lọ kí a máa wí pé kò sí nǹkan. Sọ ọ́. Bí ọmọ bá sì ń ké tí o ti yó o, tí o ti wò ó, tí inú ń bí ọ, gbé e sílẹ̀ ní ìdúró ẹ̀yìn lórí ibi tí kò ti lè ṣubú, jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí o mí, kí o sì padà. Ìyẹn kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe mì í jìgìjìgì láé. Ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, ó sì lè pa á.

Ohun tí a ó ṣe

Nínú Eksodu orí 17, ọwọ́ Mose wúwo. Kò sí ẹni tí ó wí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò tó. Wọ́n gbé òkúta fún un kí ó jókòó, Áárónì àti Húrì sì gbé ọwọ́ rẹ̀ ró, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, títí oòrùn fi wọ̀. Àdúrà Mose ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta ni.

Nítorí náà, bí ìdílé mẹ́wàá bá wà nínú ìjọ kan, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú ọjọ́ mẹ́rin, ogójì ọjọ́ ti pé. Ní ọjọ́ mẹ́rin tirẹ̀, kí ó pọnmi, kí ó gbé oúnjẹ wá, kí ó fọ aṣọ, kí ó gbé ọmọ fún wákàtí méjì kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án bí àwọn ẹbí bá ti gba ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́, kí wọ́n lè dé ìgbà tí ẹkún le jù. Kò ná ni lówó tó ìrẹsì ìsọmọlórúkọ.

Nígbà tí a bá tún dé ẹnu ọ̀nà ilé tí a ti bímọ, kí a kí wọn bí a ti ń kí wọn: "Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ kú ọwọ́ lómi." Kí a wá ká apá aṣọ wa sókè, kí a ti ọwọ́ tiwa bọ omi.

Kí Ọlọ́run dá ìyá sí, kí ó dá ọmọ sí, kí ó sì má jẹ́ kí ọwọ́ wa rẹ̀ nínú iṣẹ́ rere. Àmín.